Òfin Gọ́tà àti Ọ̀nà Tí Mọ́mì Ń Gbà Jáde

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Fẹ́sítáàkì, tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, Dádì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, á sì ka òfin ilé fún wa bí ẹni ń ka ìwé sẹ́kúlà ìjọba: "Ẹ ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni." Òun àti Mọ́mì á lọ, a ó sì ti ilẹ̀kùn látinú. Lọ́jọ́ kan, ara Dádì ò yá, ó tètè darí wálé nínú òjò. Ó kanlẹ̀kùn, ó pè wá lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yọjú lójú wíńdò, ó dọ̀bálẹ̀ níbi tí Dádì ò ti lè rí i, ó ní, "Ẹ kú òjò, sà. Ẹ ní ká má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni."

A ò ṣí i. Orí àtẹ̀gùn ni Dádì jókòó sí títí Mọ́mì fi dé. Ariwo tí Mọ́mì pa lé wa lórí lọ́jọ́ náà, gbogbo klósì, òpópónà kékeré tiwa, ló gbọ́ ọ. "Ṣé olè ni bàbá yín ni? Ṣé ẹ ò mọ nǹkan tí a torí ẹ̀ sọ ọ́ ni?" Dádì, tí aṣọ rẹ̀ rin gbindin, ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní, "Má bú wọn. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe." Ó fún wa ní bisikíìtì.

Irú àwọn tó bí mi nìyẹn. Ọ̀kan gbà pé ọ̀rọ̀ òfin ni òfin, ìkejì gbà pé ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bèèrè ìdí rẹ̀, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Èmi wá di lọ́yà. Ọ́fíìsì mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mazamaza, iṣẹ́ ìwé ilé àti ìwé ilẹ̀ ni mo sì ń ṣe jù níbẹ̀. N kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Inú tètè máa ń bí mi, ẹnu mi kì í sì í gbélé, àwọn adájọ́ ò fẹ́ràn irú wa.

Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ṣùgbọ́n Dádì àti Mọ́mì ò kúrò ní fúláàtì wọn ní Fẹ́sítáàkì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Fúláàtì ìsàlẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n gbé e sókè díẹ̀ nítorí omi òjò. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mélòó kan, á fo gọ́tà, kó tó kan títì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá kò ní ka ìyẹn sí nǹkan kan. Mọ́mì náà ò kà á sí, títí àrùn rọpá-rọsẹ̀ fi mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Ọlọ́run ò jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà fi àga onítáyà kan ránṣẹ́, tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì ni Mọ́mì fi ń darí rẹ̀ káàkiri pálọ̀ bí awakọ̀ tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ilẹ̀kùn ni ìrìn rẹ̀ ń parí sí. Àga náà wúwo bí òkúta. Tí Mọ́mì bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé láti ìgbà tí èmi náà ti wà nínú wọn, àwọn ọkùnrin klósì á gbé e sórí àga oníke, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún padà wá gbé àga onítáyà. "Ẹ rọra o! Bọ̀dá, ẹ gbé apá tiyín sókè!" Mọ́mì á dijú pọnpọn.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn yọ̀. Mọ́mì ò ṣubú, ṣùgbọ́n ìgbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n gbé e délẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ní, "Mi ò lọ mọ́. Èmi kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù."

Òótọ́ ni, kò lọ mọ́. Ojú wíńdò ló ń jókòó sí lọ́jọ́ Sunday, tí á máa gbọ́ orin àwọn ọmọ tó kọ́ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fi ọwọ́ òsì lu itan rẹ̀ sí i. Mo bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú sì bí mi débi tí mi ò lè kí i dáadáa.

Kò pẹ́ tí Dádì lọ sí ìlú wa fún ìpàdé ẹbí. Bó ṣe ń wọkọ̀ ni mo ń pe bíríkìlà. Mo ní kó fi kọnkéré ṣe ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ sí títì, kó gba orí gọ́tà kọjá, kó sì fi páìpù ńlá sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa lọ. Bíríkìlà ní, "Àǹtí, ṣé ìjọba ò ní yọ wá lẹ́nu báyìí?" Mo ní kó po sìmẹ́ńtì ẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Dádì padà dé, ó bá kọnkéré tó ti gbẹ. Ó rìn yí i ká pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí mọ́." Inú mi fẹ́ máa dùn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kò bófin mu." Ó sì ka òfin náà sí mi létí, ó mọ̀ ọ́n sórí bí Sáàmù: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ohunkóhun sórí gọ́tà tàbí sí ààyè tó wà láàárín ilé àti títì. Kí ló dé tí kò ní mọ̀ ọ́n sórí? Òun àti àwọn àgbà klósì ló kọ pẹtíṣọ̀n lọ́dún náà lọ́hùn-ún tí ìjọba fi ṣe òfin ọ̀hún. Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, ohun tí mo sì gbọ́ nípa rẹ̀ ò ju pé Dádì tún ti ń kọ pẹtíṣọ̀n.

Mọ́mì, tó ti fi àga rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé títì tó sì ti gùn ún padà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, dá a lóhùn látinú ilé. "Dádì, tí ẹ bá wó o, ẹ wó èmi náà mọ́ ọn."

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ àyíká, àwọn tí ìjọba ní kó máa mójú tó gọ́tà, fi dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára kọnkéré, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ká wó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ẹjọ́ ń dúró dè wá. Wọn ò hùwà àìdáa sí wa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ọ̀gá wọn tiẹ̀ bẹ Mọ́mì pé kó má bínú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí Dádì bá ti jẹun àárọ̀ tán ló ń sọ pé òun máa pe bíríkìlà kó wá wó o. Lẹ́yìn náà á gbọ́ ìró àga Mọ́mì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àwọn aládùúgbò, á sì mú ìwé ìròyìn. Kò pe bíríkìlà kankan. Mo mọ ohun tí ìyẹn ná an. Bàbá yìí ò tíì rú òfin rí láyé rẹ̀.

Orúkọ Dádì ló wà lórí ilé, òun ni wọ́n sì pè lẹ́jọ́, èmi ni lọ́yà rẹ̀. Súùtù tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì ló wọ̀ wá sílé ẹjọ́. Mo ti kọ́ ọ lọ́rọ̀ nínú ọkọ̀, mo tún un kọ́ lẹ́nu géètì. "Dádì, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ ò jẹ̀bi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó ń mi orí pé òun gbọ́.

Májísíréètì wa jẹ́ obìnrin, ó wọ jígí, ó sì ń fi ọwọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìkánjú. Wọ́n ka ẹ̀sùn. Wọ́n bi Dádì bóyá ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi.

"Mo jẹ̀bi, mà."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. "Dádì!" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ibi tí mo wà. Májísíréètì wò mí láti orí jígí rẹ̀, ó ní, "Lọ́yà, ta ni Dádì níbí?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì.

Ó wá yíjú sí Dádì, ó ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣe. Dádì nà tàntàn. "Ìyàwó mi ò lè rìn, mà. Ọ̀nà kan wà lórí gọ́tà tó ń gbà jáde. Òfin ní ká má mọ ohunkóhun síbẹ̀. Mo jẹ̀bi."

Májísíréètì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ sọ yìí, kò tíì yé mi pé ẹ̀bi ni. Màá kọ ọ́ pé ẹ ò jẹ̀bi, ká lè gbọ́ ẹjọ́ náà."

"Ṣùgbọ́n mo ti ní mo jẹ̀bi, mà."

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Báyìí ni ẹjọ́ wa ṣe bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà mi fúnra rẹ̀. Lọ́yà ìjọba, ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ̀wà hù, dìde. Ó ní òfin ò fi igun kankan pamọ́: ohunkóhun ni ohunkóhun. Ó ní tí ilé ẹjọ́ bá gba ti Màmá yìí láàyè nítorí àánú, tó bá di ọ̀la, oníṣọ́ọ̀bù á ní ṣọ́ọ̀bù òun náà yẹ fún àánú, gọ́tà á sì dí. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò mọ́gbọ́n wá. Mo mú òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara jáde. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní ti ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀ ni òfin yẹn ń sọ, kì í ṣe ti fúláàtì ẹnì kan.

Mo wá fi ìwé sílẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi. Mo ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mo ní àwọn tó ṣòfin ò lè rí gbogbo ilé àti gbogbo ẹsẹ̀ tó wà níwájú. Àbọ̀ ni wọ́n sọ, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún adájọ́ tó máa bèèrè pé, ìyọnu wo ni wọ́n fẹ́ fi òfin yìí pa? Ìdí tí a fi ṣòfin ni ilé tí ọ̀rọ̀ òfin ń gbé. Ẹ má ṣe lé e jáde nílé.

Májísíréètì gbé bírò sílẹ̀. "Ìyọnu wo ni, lọ́yà?"

Mi ò mọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ní omi òjò ni, mà, gọ́tà tó ń dí. Ó mi orí bí ẹni tí kò yó. Ó ní ilé ẹjọ́ máa wá wo ojú ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, klósì wa mọ́ bíi pé Kérésìmesì ku ọ̀la. Bọ̀dá oníkíóósì, tó ń tajà ní klósì wa, ti gbé kíóósì rẹ̀ kúrò lórí gọ́tà lọ sí ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Májísíréètì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, akọ̀wé rẹ̀ àti lọ́yà ìjọba tẹ̀ lé e. Níta gbangba yìí, Yorùbá ló ń sọ, akọ̀wé sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ó ní kí wọ́n da omi sí gọ́tà lókè. A da korobá lé korobá. Omi wọ abẹ́ kọnkéré, ó jáde lódì kejì, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Lọ́yà ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Májísíréètì ní òun fẹ́ rí Màmá. Ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́mì ti wọ léèsì funfun rẹ̀, gèlè lé téńté. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ òsì ti ọ̀pá kékeré ara àga, ó sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kọjá lórí gọ́tà, ó dé títì. Májísíréètì ní láti yẹ̀ fún un lọ́nà. Mọ́mì ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má bínú pé mi ò lè kúnlẹ̀ kí yín." Orí mi wú.

Nígbà náà ni májísíréètì pe Dádì. "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ wà lára àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún òfin yìí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dádì nu ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹnu klósì. Ó ní nígbà kan, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sórí gọ́tà láti ibẹ̀ yẹn dé ibí, àwọn mìíràn sì ti fa fẹ́ńsì jáde dé títì. Ọkọ̀ ò lè wọlé mọ́. Lọ́jọ́ kan, àìsàn ọkàn kọlu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fúláàtì tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́ yìí kó dé Fẹ́sítáàkì, iléeṣẹ́ ìjọba kan náà ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n pè dúró síta. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ náà mọ́ra, wọ́n ń gba àárín àtẹ ọjà àti pátákó kọjá, wọ́n ń ní kí àwọn èèyàn yàgò.

Ohùn Dádì kéré. "Orí ẹ̀ wà lápá mi, mà. Ká tó dé ẹnu klósì, ó ti dákẹ́."

Mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Mo mọ ọkùnrin náà, ọ̀rẹ́ Dádì tó máa ń fún wa ní súìtì ni. Mo mọ̀ pé ó kú. Kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe kú fún mi.

Májísíréètì rọra bi í. "Ẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún òfin. Kí ni ẹ fẹ́ kí òfin náà ṣe, Bàbá?"

"Kí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá lè jáde nílé, mà."

Ọ̀rọ̀ náà jáde, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó yíjú wo Mọ́mì tó jókòó sínú àga lójú títì, ó wo kọnkéré, ó tún wo Mọ́mì. Ó ní, "Háà." Mọ́mì na ọwọ́ òsì sí i, Dádì lọ dì í mú níwájú ilé ẹjọ́ àti gbogbo aládùúgbò, àwọn méjì tí wọn kì í dira wọn lọ́wọ́ mú níta rí. Lọ́yà ìjọba wo bàtà rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ní ìbéèrè fún Bàbá, ó ní òun ò ní.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ilé ẹjọ́ kún, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá. Májísíréètì ò fi àánú ṣe ìdájọ́ kankan, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ó ní òfin náà dára, ó sì dúró digbí. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ àyíká ò ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣòfin rí àwọn ohun tó ń dí omi lọ́wọ́ tó sì ń dí èèyàn lọ́nà, ìyẹn ni wọ́n sì dìde sí. Ohun tí wọ́n wá pè lẹ́jọ́ yìí ò dí omi, ọ̀nà ló sì là fún ẹni tí kò ní ọ̀nà. Mo kọ gbólóhùn rẹ̀ kan sílẹ̀: "Òfin tí a ṣe kí aláìsàn lè jáde, bí a bá fi ti aláìsàn mọ́lé, a ti fi òfin pa òfin." Ó ní tí oníṣọ́ọ̀bù bá wá lọ́la, ìbéèrè kan náà lòun máa bi í: ṣé ọ̀nà lo là ni, àbí ọ̀nà lo dí? Ó ní ká máa kó ìdọ̀tí abẹ́ páìpù. Ó da ẹ̀sùn náà nù.

Mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n aṣọ lọ́yà wà lọ́rùn mi. Ìyá kan lẹ́yìn bá mi kígbe: "Haleluyàh!" Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, akọ̀wé ilé ẹjọ́ ń pariwo kí wọ́n dákẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwé ilé fún àwọn olówó. Kò sí èyí tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀, mo sì fi orin ìyìn wakọ̀ dé ilé.

Bọ̀dá oníkíóósì wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. "Àǹtí lọ́yà, ẹ kú oríire o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti kíóósì mi náà. Ó ní ìdí tó fi wà níbẹ̀." Mo bi í pé kí ni ìdí náà. Ó ní òun ń tajà. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, mo ní kó lọ bi Dádì.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo wá láti Amúwo kí gbogbo wa lè jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé Mọ́mì tẹ́lẹ̀ ti tò sẹ́nu ọ̀nà, bóyá a máa nílò wọn. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan òun. Nígbà tí Dádì ń wá Bíbélì rẹ̀, tí èmi ń wá bàtà ọmọ mi, a ò gbọ́ ìró Mọ́mì mọ́. A sáré jáde. Ó ti fẹ́ẹ̀ dé ẹnu klósì, òun nìkan, gèlè rẹ̀ ń mì lórí. Ó dá àga dúró, ó bojú wẹ̀yìn wò wá níbi tí a dúró sí bí ọ̀lẹ.

"Kí lẹ ṣì ń ṣe nínú ilé?" ló pariwo. "Àwọn ọmọ mi ń dúró dè mí!"

Dádì ò ti ilẹ̀kùn. Ó sáré tẹ̀ lé e.